Kìlómítà 5 Tó Mi

Kìlómítà kẹrin ni mo fẹ́ràn jù nínú eré ìje kìlómítà 5. Ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ ń sáré ni kì í fẹ́ gbọ́ ọ sétí, mo sì mọ ìdí. Kìlómítà àkọ́kọ́ kì í ni èèyàn lára: ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ni, èrò pọ̀ lọ́nà, iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò ju kéèyàn kó ara rẹ̀ níjàánu lọ. Ìkejì á ti lọ kéèyàn tó mọ̀. Ní ìkẹta, èémí á ti máa yára, àmọ́ ọpọlọ ṣì lè ṣírò. Ìkẹrin ló le. Ẹni tó bá sáré kọjá agbára rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa san gbèsè rẹ̀. Ìlà ìparí ò tíì hàn lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn tó wá pàtẹ́wọ́ fún wa, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ni wọ́n máa ń kóra jọ sí. Ẹni méjì mẹ́ta péré lèèyàn ń rí ní àárín ọ̀nà. Itan á wúwo, ọ̀fun á gbẹ, ohùn kan á wá máa sọ sí mi létí pé, "Rọra. Ta ló máa mọ̀?"

Èmi á mọ̀. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún àbọ̀ yẹn, kò sí iṣẹ́ tó ń dúró dè mí, kò sí ẹni tí mo jẹ ní àlàyé. Ìgbésẹ̀ méjì, mo mí sínú. Ìgbésẹ̀ méjì, mo mí síta. Mo máa ń wá ẹ̀yìn ẹnì kan níwájú, mo sì máa ń so ojú mi mọ́ ọn bí ìgbà téèyàn so okùn mọ́ èèkàn. Mi ò mọ orúkọ ẹni náà, òun náà ò mọ̀ pé òun ló ń fà mí lọ. Kò síbòmíì láyé mi tí mo ti ń wà lójúfò tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún keje rèé tí mo ti ń sáré. Mi ò lè ka iye ìgbà tí wọ́n ti bi mí pé, "Ìgbà wo lo máa wá sá máratọ́ọ̀nù?" Àwọn tó ń bi mí ò ní ibi lọ́kàn. Ohun tó wà lábẹ́ ìbéèrè náà ni mi ò fara mọ́. Lójú wọn, kìlómítà 5 ni jẹ́lé-ó-sinmi, kìlómítà 10 ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdajì máratọ́ọ̀nù ni girama, máratọ́ọ̀nù wá ni yunifásítì. Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì kan náà fún ọdún méje, ohun kan ń ṣe é nìyẹn.

Ìgbà kan wà témi náà gba èrò yẹn gbọ́. Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, mo forúkọ sílẹ̀ fún máratọ́ọ̀nù kan, mo tẹ ètò ìdánrawò ọlọ́sẹ̀ 16 jáde, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìlẹ̀kùn yàrá. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni ti eré gígùn: kìlómítà 16, 19, 22, 26. Mo máa ń tètè sùn lálẹ́ Sátidé kí n lè jí, mo sì máa ń sùn lọ́sàn-án Àìkú nítorí pé mo jí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà, ò bi mí mọ́ pé ṣé a máa jáde lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò tiẹ̀ kíyè sí i pé kò bi mí mọ́. Ìyá rẹ̀ ló sọ fún mi.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ló ṣẹlẹ̀. Kìlómítà 26 ni mo fẹ́ sá lọ́jọ́ náà. Ní kìlómítà 19, mo jókòó sórí ògiri kúkúrú kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo tú okùn bàtà, mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun ọ̀tún láti òkè wá sísàlẹ̀. Mo dé ibì kan tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ, ìrora tó ta jáde níbẹ̀ mú kí n di ògiri náà mú. Oníṣègùn tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé eegun náà ò tíì sán, àmọ́ bí mo bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ ó máa sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsáré. Ojúgun mi ò tíì mọ́ irú ẹrù yẹn lára, èmi ni mo kánjú dì í lé e.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ nǹkan sí lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, ibi tí mo sá dé, aago, àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa bó ṣe rí. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mi ò lè sáré yẹn, mo kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú. Lábẹ́ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tí mo fi múra máratọ́ọ̀nù, ohun tí mo kọ rèé, léraléra: "Ó rẹ̀ mí." "Mo parí ẹ̀." "Ó ku mẹ́rin." Mo ṣí i lọ sí ọdún tó ṣáájú, nígbà tí kìlómítà 5 nìkan ni mo mọ̀: "Ẹsẹ̀ fúyẹ́ lónìí." "Mo lé ẹni tó wọ búlúù bá!" "Ó dùn." Ní ojú ewé kan, mo kọ "ó dùn" lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Mo jókòó ti ìwé yẹn pẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọwọ́ ara mi ló kọ ọ́, kò sẹ́ni tí mo lè bá jiyàn.

Ìgbà yẹn náà ni mo wádìí ibi tí kìlómítà 42.195, bí máratọ́ọ̀nù ṣe gùn tó, ti wá. Ní eré Òlíḿpíìkì àkọ́kọ́ ti ìgbàlódé, ní Áténì lọ́dún 1896, nǹkan bíi kìlómítà 40 ni wọ́n sá. Ní London lọ́dún 1908, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré náà láti ààfin Windsor, wọ́n sì parí rẹ̀ níwájú ibi tí ìdílé ọba jókòó sí nínú pápá ìṣeré. Bí ọ̀nà ṣe gùn tó lọ́jọ́ náà ló bí iye tá a mọ̀ lónìí. Kò tíì di òfin nígbà náà pàápàá. Ní 1912 àti 1920, ọ̀tọ̀ ni bó ṣe gùn tó. Ọdún 1921 ni àjọ tó ń bójú tó eré ìje lágbàáyé tó fi òǹtẹ̀ lù ú. Èyí ò bu máratọ́ọ̀nù kù lójú mi rárá. Ó kàn jẹ́ kí n rí i pé èèyàn bíi tèmi ló jókòó, tó fa ìlà, tó ní ibi báyìí ni kó dé. Ó sì tù mí nínú. Bí àwọn bá lè fa ìlà tiwọn sí 42.195, kò sóhun tó burú nínú kí n fa tèmi sí 5.

Mo padà sí kìlómítà 5 pẹ̀lú ojú tuntun. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, nítorí pé ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ńṣe ni mo kàn ń sá a kọjá bí ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà kan lọ síbòmíì.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé ó jọ eré mítà 100, pé eré agbára ojú ẹsẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú agbára tí ara ń ná láti sá a, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 tó jẹ́ pé atẹ́gùn ọ́síjìn tá à ń mí sínú la fi ń ṣe é. Ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀jẹ̀ ló ń ru ẹrù yẹn, bíi ti eré ọlọ́nà jíjìn gẹ́lẹ́. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni irú ìyà tí wọ́n fi ń jẹ èèyàn. Nínú máratọ́ọ̀nù, oúnjẹ tí ara tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tán lára ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́yìn kìlómítà 30. Ọkọ̀ tí epo ń gbẹ nínú rẹ̀ ni. Nínú kìlómítà 5, epo kún bámúbámú, àmọ́ òkè là ń gùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ́ńjìnì sì ń ké. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré sáré jù ní kìlómítà àkọ́kọ́, ìkẹrin á gbà á padà lọ́wọ́ mi pẹ̀lú èlé.

Ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa fi kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ẹni ọdún 64 ni wọ́n, wọ́n ti sá máratọ́ọ̀nù 11 rí, kìlómítà 5 ni wọ́n sì ń sá báyìí. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan bóyá ọjọ́ orí ló dá wọn padà. Wọ́n mi orí. "Àbúrò, nínú máratọ́ọ̀nù, mo lè fara pamọ́. Mo lè rìn díẹ̀, mo lè mu omi, mo lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ̀rọ̀. Kìlómítà 5, kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí nínú ẹ̀." Wọ́n ní kí n máa fi kìlómítà àkọ́kọ́ ṣe sùúrù, kí n jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ kọjá máa kọjá, mo máa bá ọ̀pọ̀ nínú wọn níwájú. Ó pé ọdún kan kí n tó lè ṣe ohun tí wọ́n sọ yẹn, torí pé ó ṣòro kí ara tó yá máa wo ẹ̀yìn àwọn èèyàn tó ń lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ń sáré lọ́sẹ̀ báyìí, nígbà míì mẹ́rin. Méjì jẹ́ eré wẹ́rẹ́, èyí tí mo lè fi máa sọ̀rọ̀ lọ láìsí pé èémí ń já mọ́ mi lẹ́nu. Ọjọ́rú ni ti pápá, ọjọ́ yẹn ni mo sì ń retí. Mítà 400 lọ́nà mẹ́jọ, ìsinmi ìṣẹ́jú kan àbọ̀ láàárín wọn. Mo máa ń wá ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 8 fún yípo kọ̀ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́ máa ń dà bíi pé mo lè sá ogún irú rẹ̀. Ìkẹta, mo ti ń gbọ́ èémí ara mi. Ìkẹfà ni iṣẹ́ wà. Lójú ọ̀nà tó yí padà sí mítà 100 tó kẹ́yìn, èjìká mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí etí láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́, ìka mi á di ẹ̀ṣẹ́. Mo máa ń já wọn sílẹ̀: èjìká sísàlẹ̀, kí ọwọ́ rọ̀ bíi pé mo di ẹyin mú. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú àáyá méjì ló wà nínú kí n rántí bẹ́ẹ̀ àti kí n gbàgbé. Àáyá méjì! Mo lè fi gbogbo oṣù kan wá àáyá méjì yẹn, inú mi á sì dùn ní gbogbo oṣù náà.

Eré kìlómítà 5 mi àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 34 àti àáyá 20 ni mo fi sá a. Èyí tó dáa jù títí di báyìí, ìṣẹ́jú 27 àti àáyá 48 ni. Ọdún méje ló wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì, mi ò sì rí ọ̀kan nínú àwọn ọdún yẹn tó lọ lásán. Ìgbà tí mo bá fẹ́ mọ bí ibi tí mo wà ṣe jìnnà tó sí òkè, mo máa ń rántí Joshua Cheptegei, ọmọ Uganda, tó sá mítà 5,000 ní ìṣẹ́jú 12 àti àáyá 35.36 ní Monaco lọ́dún 2020. Yípo méjìlá àbọ̀ ni, ìkọ̀ọ̀kan wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo fi gbogbo agbára mi sá yípo kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan, mo dùbúlẹ̀ sórí pápá lẹ́yìn náà, aago ka àáyá 88. Lọ́dún 2025, Beatrice Chebet ti Kenya di obìnrin àkọ́kọ́ tó sá a láìpé ìṣẹ́jú 14: ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 58.06. Ta ló máa wo àwọn èèyàn yìí, tó máa sọ pé eré àwọn ọmọdé ni?

Eliud Kipchoge gan-an, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ máratọ́ọ̀nù, mítà 5,000 ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó gba ipò kìíní lágbàáyé ní Paris lọ́dún 2003, tó ṣáájú Hicham El Guerrouj àti Kenenisa Bekele, àwọn sárésáré méjì tó lókìkí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló tó sá máratọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló dúró sí, ṣé a máa sọ pé kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀?

Ní ti ìlera, torí pé àwọn kan máa ń sọ pé eré díẹ̀ ò lè ṣe ara lóore: ìwádìí kan jáde lọ́dún 2014 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tọpa àgbàlagbà tó lé ní 55,000. Àwọn tó ń fi ìṣẹ́jú 5 sí 10 péré sáré lóòjọ́, láìtiẹ̀ yára, ewu pé kí àìsàn ọkàn pa wọ́n kéré gan-an sí ti àwọn tí kì í sáré. Ó tó mi láti pa àríyànjiyàn yẹn tì.

Ohun kan wà tó ń dùn mí títí dòní. Níbi ìdíje kan tí wọ́n ti sá onírúurú eré lọ́jọ́ kan náà, ẹni tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú ní kí "àwọn tó wá ṣeré ìgbádùn" bọ́ sẹ́yìn fún "àwọn sárésáré gidi". Àwa kìlómítà 5 ló ń bá wí. Obìnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé èmi ló bá a fi píìnì kan nọ́ńbà rẹ̀ mọ́ àyà. Ó ti sọ fún mi pé oṣù márùn-ún lòun fi ń múra, láti orí rírìn yí ojúlé òun ká. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì sún sẹ́yìn, ju bí wọ́n ṣe ní kó sún lọ. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú níbi ìdíje ka ibí yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gba oṣù márùn-ún lọ́wọ́ èèyàn.

Ó dùn mọ́ mi pé àwọn ibòmíì wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Parkrun, tí wọ́n ń sá láràárọ̀ Sátidé ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, kìlómítà 5 ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Bushy Park ní London ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, èèyàn 13 ló sáré lọ́jọ́ náà. Paul Sinton-Hewitt tó dá a sílẹ̀ ò lè sáré nígbà yẹn torí pé ó farapa, àmọ́ ó fẹ́ máa rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rìn ín látìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á dúró dè é, wọ́n á sì kọ aago rẹ̀ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣáájú.

Mi ò ní parọ́ pé mi ò rí nǹkan kan lára mi nígbà táwọn ọ̀rẹ́ mi bá ti máratọ́ọ̀nù dé. Mo máa ń lọ dúró dè wọ́n ní ìlà ìparí. Mo ti rí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sunkún bó ṣe ń bọ̀, iyọ̀ òógùn ti gbẹ funfun sí i lójú, mo sì sunkún pẹ̀lú ẹ̀. Ohun ńlá ni wọ́n ṣe. Lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń wá sí mi lọ́kàn pé kí n tún gbìyànjú, eegun mi ti lágbára sí i báyìí. Mo máa ń jẹ́ kí èrò yẹn jókòó díẹ̀. Lẹ́yìn náà, màá mú ìwé kékeré mi, màá ṣí i sí ojú ewé ọ̀sẹ̀ kọkànlá, màá sì kà á. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Tèmi rí kékeré lójú ẹni tó ń kọjá lọ, àmọ́ èmi tí mo wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé ó gbà mí dáadáa.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ti ń jáde báyìí, èmi àti ọmọ mi. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìdíje kan ń bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, mo sì fẹ́ sá a láìpé ìṣẹ́jú 27 àti ààbọ̀. Lálẹ́ àná, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fa okùn bàtà yọ láti fi tuntun sí i, ó bi mí pé ibo ló le jù nínú eré náà. Mo sọ fún un. Ó ní ṣé èèyàn máa ń wà níbẹ̀ tó ń pàtẹ́wọ́. Mo ní wọn kì í pọ̀. Ó ronú díẹ̀, ó wá ní òun ò ní dúró níbi ìparí mọ́, ibẹ̀ lòun máa dúró. A ti jọ lọ wo ọ̀nà náà láàárọ̀ yìí. Lẹ́yìn ìyànà kejì, igi kan wà tó nà sójú ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó máa ń dúró síbẹ̀.